Bí Odò Ọya Ṣe Gbé Ọjà Wa Dé Òkun

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Tẹ́ ẹ bá gba Bódè Sàádù láti Ìlọrin, Jẹ́bà lẹ ó já sí, níbi tí Odò Ọya ti ń kọjá. Iná mànàmáná àti ẹja ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ odò náà. Ṣùgbọ́n kí epo rọ̀bì tó dé, orí omi yẹn ni èkùrọ́, epo pupa, òrí àti eyín erin ń gbà lọ sókè òkun.

Lọ́dún 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ bá ọkọ̀ láti Bùsà títí dé etí òkun. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ ibi tí odò náà já sí nìyẹn. Ní 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ elééfín wọ inú rẹ̀, ibà sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó tó tẹ̀ lé e. Ó di 1854, nígbà tí Dókítà Baikie ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìnì, kí wọ́n tó lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ láìsí ẹni tó kú.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tiwa ńkọ́? Ní 1857, Baikie tún padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ Dayspring. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára àwọn tó bá a rìn. Nítòsí Jẹ́bà, ọkọ̀ náà kọ lu àpáta, ó fọ́. Wọ́n pàgọ́ sétí odò, wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn, àfi ìgbà tí omi tún kún lọ́dún kejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà odò yìí wà. Lásìkò òjò, ọkọ̀ lè gòkè dé Jẹ́bà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, iyanrìn á yọrí, ọkọ̀ ńlá ò ní lè gbà á.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣòwò náà: àwọn ará oko á di èkùrọ́ sápò, wọ́n á rọ epo sínú àgbá, ọkọ̀ àjẹ̀ á kó o dé àgọ́ òyìnbó létí odò. Ọkọ̀ elééfín tó ń jó igi á wá gbé e lọ sí Burutu tàbí Forcados, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń dúró. Èkó pàápàá ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù lọ sí Forcados, torí iyanrìn dí ẹnu òkun rẹ̀. Ó di 1914 kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Èkó.

George Goldie ló fẹ́ dá jẹ òwò náà. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, Royal Niger Company, ní ìwé àṣẹ: ó ń gba owó ibodè, ó ń kó ọmọ ogun jọ. Ó ká àwọn ará Brass, ìlú oníṣòwò létí òkun, lọ́wọ́ kò, títí Ọba Koko tiwọn fi kó wọn lọ kọ lu Akassa, ibùdó ilé iṣẹ́ náà, ní 1895. Ní 1897, ilé iṣẹ́ yìí gbé ìbọn Maxim lọ bá Bìdá, ó sì yí i sí Ìlọrin nígbà Ẹ́mírì Sulaiman. Oníṣòwò ló jà wá lógun o! Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso lọ́wọ́ wọn ní 1900, £865,000 ni wọ́n san fún wọn. Àwa tá a ni ilẹ̀ ò rí kọ́bọ̀.

Réluwé ló gba ẹrù kúrò lórí omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Baro, ìlú kan létí Odò Ọya, sí Kánò ní 1907, kí òwú àti ẹ̀pà lè máa ti Baro wọ odò. Ṣùgbọ́n réluwé Èkó ti dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, òun àti ti Baro sì pàdé ní Mínà. Réluwé kì í dúró de òjò, ni ẹ̀pà Kánò bá ń gba ìlú wa kọjá lọ sí Èkó.

Ìjọba ṣì ń gbìyànjú. Ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò náà láti Wari dé Baro, 572 kìlómítà. Ní 2019, wọ́n ṣí èbúté Baro. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ò lè tó, torí ọdọọdún ni àgbàrá ń kó iyanrìn mìíràn wá. Ẹni tó bá tún sọ pé òun fẹ́ kọ́ èbúté fún àgbẹ̀ ìrẹsì Pàtígì àti Lafiagi, ẹ bi í bí omi ṣe máa ń jìn tó níbẹ̀ lóṣù Kẹta.