Egbò Wa Lára Jésù

Ẹ kú àjíǹde o, ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ wa tòní wà nínú Àìsáyà 53:4: "Lóòótọ́ ó ti ru ìbìnújẹ́ wa, ó sì gbé ìkáàánú wa lọ."

Ayàwòrán kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tó fi ọ̀dà wàásù ọ̀rọ̀ yìí. Matthias Grünewald là ń pè é. Láàárín 1512 sí 1516 ló ya àwòrán pẹpẹ fún ilé àwọn mọ́ńkì Antoni Mímọ́, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ní Isenheim, ní ẹkùn Alsace. Ìlú Colmar ní ilẹ̀ Faransé ni iṣẹ́ náà wà lónìí. Àwọn mọ́ńkì yìí ló ń tọ́jú àwọn tí "iná Antoni Mímọ́" ń bá jà. Àrùn burúkú ni. Olú dúdú kan tó ń hù lára ọkà ráì ló ń fà á. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì ọkà náà, ara á máa ta á bí iná, gìrì á máa mú un, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú, á kú, á sì já.

Nígbà tí àwọn ayàwòrán ńlá ní Ítálì ń wá ara tó pé, tó lẹ́wà, ẹ wo ohun tí Grünewald ṣe. Ó ya Jésù lórí igi, awọ Rẹ̀ ti ń rà, egbò kún un láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀gún há sínú ẹran ara, ìka ọwọ́ Rẹ̀ nà gan-an lórí ìṣó. Aláìsàn tí wọ́n bá gbé wá síwájú pẹpẹ yẹn á rí Olúwa tí ara Rẹ̀ jọ tirẹ̀! Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi ga lójú mi ju ọ̀pọ̀ àwòrán tó fi ẹwà bo ìyà Kalfari mọ́lẹ̀.

Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà wà níbẹ̀. Hẹ́rọ́dù ti bẹ́ ẹ lórí ṣáájú ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ayàwòrán pè é wá jẹ́rìí. Ó na ìka gígùn sí Jésù, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní èdè Látìn: Òun ni yóò máa pọ̀ sí i, èmi ni yóò máa dín kù.

Àwòrán pẹpẹ náà ní ilẹ̀kùn, àwòrán mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ àjọ̀dún, Jésù kan náà ló ń jáde láti inú ibojì, ìmọ́lẹ̀ yí I ká, ara Rẹ̀ mọ́ lóló. Àpá ìṣó àti ti ọ̀kọ̀ nìkan ló kù.

Ìwọ tí o jí pẹ̀lú ìrora láàárọ̀ yìí, ìwọ tí ará ilé ń fi àìsàn rẹ pamọ́ fún àwọn èèyàn, Jésù kò tijú ara rẹ. Fi egbò náà hàn Án. Má sì pa oògùn rẹ tì o. Àwọn mọ́ńkì yẹn ń gbàdúrà, wọ́n sì ń fi ìpara tọ́jú aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà.

Jésù Olúwa, Ìwọ tó gbé àìsàn wa rù, fọwọ́ kan gbogbo ara tó ń ro wá lówùúrọ̀ yìí.

Bàbá, ohun tó ń pa wá lára nínú oúnjẹ òòjọ́ wa tí a kò mọ̀, tú u fó, kí o sì gbà wá.

Ẹni tí àìsàn ti gé lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, má jẹ́ kí ó di ẹni ìtìjú láàárín wa.

Olúwa, fún àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ní agbára tuntun lónìí. Má jẹ́ kí ó sú wọn.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.