Búrẹ́dì Ẹlẹ́yin Inú Ààrò fún Èrò Púpọ̀: Ohun Tí Alásè Ń Ṣe Lóru àti Ohun Tí Ó Ń Fi Sílẹ̀ Di Ìdájí

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn alásè kan ní Adó-Èkìtì ni ẹ fẹ́ kà yìí. Mo ti tún un tò fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, mo sì ti yọ àwàdà kúrò nínú rẹ̀, àyàfi èyí tí ó bá ní ẹ̀kọ́ nínú.

Mi ò tíì la ẹnu tán tí màmá kan fi na ọwọ́ sókè, tí wọ́n sì bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé iyán ni o fẹ́ kí á pa tì kí á máa fi búrẹ́dì ṣe àlejò?" Rárá o, ìyá mi. Ẹni tí ó bá gbé búrẹ́dì síwájú àlejò ní ọ̀sán gangan ní Èkìtì, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kí ó fara mọ́ ọn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni èmi ń bá wí, nígbà tí àwọn ẹbí tí ó wá láti Èkó àti Ìbàdàn ti kún agboolé, tí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, tí kò sì sí ẹni tí ó lè gún iyán fún wọn ní aago mẹ́fà.

Oúnjẹ tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní French toast, tí èmi yóò máa pè ní búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Àwọn Faransé fúnra wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Pain perdu ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "búrẹ́dì tí ó ti sọnù", nítorí pé búrẹ́dì tí ó ti le, tí à bá kó dànù, ni wọ́n ń fi ẹyin àti mílíìkì gbà padà. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ti ń rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, tí wọ́n ń dín in, tí wọ́n sì ń da oyin lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ tí àwọn Faransé sọ ọ́ yẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa mọ èyí tí a ń dín nínú páànù, ó sì dára fún ìyá, bàbá àti ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ fún ènìyàn 60. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ ègé méjì, ègé 120 nìyẹn. Bí páànù bá gba ègé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tí ìdín kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ ó dín in nígbà 40, ẹ ó sì dúró ti iná fún ìṣẹ́jú 160, èyí tí ó jẹ́ wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ti jẹun, yóò ti wẹ̀, yóò ti múra, nígbà tí ẹni ìkẹyìn ṣì ń wo ọwọ́ yín, ẹ̀yin fúnra yín kò sì tíì rí àyè wé gèlè. Ìdí tí a fi ń gbé e lọ sínú ààrò nìyí: iná ni yóò máa ṣiṣẹ́, àwa yóò sì ráyè ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú ara mi kí ẹ̀yin má bàa ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba iṣẹ́ oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn ẹbí òkú àgbà kan, wọ́n lé díẹ̀ ní 40. Ìlànà tí mo rí kà láti ìlú òyìnbó sọ pé kí n gé búrẹ́dì, kí n da ẹyin àti mílíìkì lé e, kí n gbé e sínú fíríìjì kí ó sùn mọ́jú, kí n sì gbé e sínú ààrò bí mo bá jí. Mo ra búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ṣì ń gbóná débi pé òógùn bo inú ọ̀rá rẹ̀. Mo gé e, mo da ẹyin 40 lé e lórí nínú tiré márùn-ún, mo sì lọ sùn. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n mú iná lọ, wọn kò sì dá a padà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tí mo ṣí fíríìjì náà, atẹ́gùn gbígbóná ni ó kọ́kọ́ fẹ́ sí mi lójú. Búrẹ́dì ti di èbè, ó sì ti ń rùn díẹ̀díẹ̀. Inú ihò tí mo gbẹ́ sí ẹ̀yìn ilé ni mo da gbogbo rẹ̀ sí, àkàrà tí mo sáré lọ rà lójú títì sì ni àwọn ẹbí náà jẹ.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lóru ọjọ́ náà. Búrẹ́dì tuntun ni èkíní. Nígbà tí búrẹ́dì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, inú rẹ̀ rọ̀, omi sì ṣì wà nínú rẹ̀, bí omi mìíràn bá tún kàn án, yóò túká. Bí ó bá tutù tí ó sì pé ọjọ́ kan tàbí méjì, ohun tí ó ń mú kí ìyẹ̀fun ki yóò tún ara rẹ̀ tò nínú rẹ̀, yóò ti omi jáde, búrẹ́dì náà yóò sì gan. Èyí tí ó ti gan yìí ni ó lè mu ẹyin àti mílíìkì yó tí kò sì ní fọ́. Àwọn Faransé kò ṣàdédé pè é ní èyí tí ó sọnù: búrẹ́dì àná ni oúnjẹ yìí ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé tuntun ni ẹ rí rà, ẹ gé e, ẹ tò ó sórí tiré, kí ẹ sì fi sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 150°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ara rẹ̀ lè gbẹ. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ kò tilẹ̀ nílò ààrò. Ẹ tò ó sórí tábìlì lálẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí èèrà àti eku, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti gbẹ.

Lórí irú búrẹ́dì tí ó yẹ, búrẹ́dì Agége ni mo fara mọ́ jù. Láti ìgbà tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, ti dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921 tí ó sì sọ ọ́ di òwò ńlá, ni àwọn oníbúrẹ́dì ilẹ̀ wa ti mọ ẹ̀rọ tí ń fi irin méjì tẹ ìyẹ̀fun pípò ní àtẹ̀túntẹ̀. Títẹ̀ yẹn ni ó ń mú kí inú búrẹ́dì Agége dì, kí ó sì máa fà bí ẹ bá já a. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó mu omi, ṣùgbọ́n kì í túká. Èyí tí wọ́n ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Kí ègé yín nípọn tó ìbú àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Àṣìṣe kejì ni pé mo fọkàn tán iná mànàmáná. Ẹni tí ó kọ ìlànà náà ní fíríìjì tí kì í kú, èmi kò ní. Ẹyin tútù tí a ti pò mọ́ mílíìkì kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ níbi tí kò tutù, nítorí kòkòrò tí ń fa inú rírun máa ń bí sí i níbẹ̀ kíákíá. Nítorí náà, mo pín iṣẹ́ náà sí méjì. Lálẹ́, ohun gbígbẹ nìkan ni mo ń ṣe: mo ń gé búrẹ́dì, mo ń wọn ṣúgà, iyọ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì sínú ike, mo ń fi bọ́tà pa inú tiré, mo sì ń kó ẹyin sínú omi láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè yọ èyí tí ó bá léfòó kúrò. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ẹyin àti mílíìkì tó pàdé. Búrẹ́dì Agége tí ó ti gbẹ yóò mu ún yó láàárín ìṣẹ́jú 45, bí ẹ bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ní kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀, tàbí fíríìjì tí ó dá a lójú pé kò ní gbóná ju 4°C lọ, lè jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Èmi kò ní ṣe é mọ́.

Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí. Tiré kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 33, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 23, yóò gba búrẹ́dì kan tí ó tó gíráàmù 500, ẹyin mẹ́jọ, mílíìkì mìlílítà 600, ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni yóò jẹ ẹ́. Fún ènìyàn 60, tiré méje nìyẹn, èyí tí ó fẹ́ búrẹ́dì méje, ẹyin 56 àti mílíìkì lítà mẹ́rin àti díẹ̀. Bí mílíìkì oníyẹ̀fun ni ẹ fẹ́ pò, gíráàmù 130 ni fún lítà omi kan, nítorí náà nǹkan bí gíráàmù 550 yóò tó fún gbogbo rẹ̀. Kéréètì ẹyin méjì jẹ́ 60, mẹ́rin yóò sì ṣẹ́kù fún èyí tí ó bá bàjẹ́. Ẹ má ṣe fọ́ ẹyin tààrà sínú ọpọ́n ńlá o. Inú abọ́ kékeré ni kí ẹ máa fọ́ ọ sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó dà á mọ́ àwọn yòókù. Mo ti rí ẹni tí ẹyin ìkejìlélógójì bà á jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lù ú pọ̀, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí funfun ẹyin tí kò pò má bàa di okùn nínú oúnjẹ. Búrẹ́dì Agége ti ní ṣúgà tirẹ̀, ẹ má ṣe fi kún ohun tí mo sọ yẹn, nítorí ṣúgà púpọ̀ ni ó ń jẹ́ kí òkè jó kí inú tó jinná.

Ní ti ooru, ẹni tí ó bá mọ mọ́ínmọ́ín sè ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń ṣàn ni a fẹ́ kí iná mú dì, bí iná bá sì pọ̀ jù, yóò dì láìdọ́gba, omi yóò sì máa yọ jáde lára rẹ̀. 180°C ni ó bá a mu. Ẹ fi fóìlì bo tiré fún ìṣẹ́jú 25, kí ẹ ṣí i fún ogún ìṣẹ́jú kí òkè rẹ̀ lè pọ́n. Bí àárín rẹ̀ bá dé 71°C, ẹyin ti jinná. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà lè ki ọ̀bẹ bọ àárín gbùngbùn, kí ó sì wò bóyá ẹyin tútù lẹ̀ mọ́ ọn. Yóò wú bí ó bá ń jinná, yóò sì wálẹ̀ bí ẹ bá gbé e jáde. Kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ibi tí ìṣòro ńlá wà nìyí: ààrò tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìdáná gáàsì, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń kó ìkòkò àti ọ̀rá pamọ́ sí, kò lè gbà ju tiré méjì lọ. Tiré méje yóò wọlé nígbà mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta nìyẹn, kò sì sàn ju páànù lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń lọ bá oníbúrẹ́dì. Ní àwọn ìlú wa, ilé búrẹ́dì tí ń fi igi dáná sínú ààrò alámọ̀ ṣì wà. Bí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì wọn jáde, ooru ṣì wà lára ògiri ààrò náà fún wákàtí mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Ẹ bá a sọ ọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ fún un ní owó igi, tiré méje yóò sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ààrò yẹn kò ní nọ́ńbà lára. Ìyẹ̀fun ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: mo ń wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, mo máa ń ṣí ìlẹ̀kùn, màá sì dúró. Bí ó bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀pà tí a ń yan, mo ń gbé tiré wọlé. Bí ó bá funfun síbẹ̀, mo ti pẹ́ dé nìyẹn. Nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbóná ju òkè lọ, ẹ fi tiré òfìfo sí abẹ́ èyí tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ dídùn láàárọ̀ lè yọ ṣúgà kúrò, kí ó fi àlùbọ́sà, ata rodo lílọ̀ díẹ̀ àti iyọ̀ sí i. Èyí ni àwọn àgbà wa fẹ́ràn jù, kí n má parọ́. Ẹni tí mílíìkì ń dà ní inú rú lè lo wàrà àgbọn, ìyẹn omi funfun tí a fún lára àgbọn rírin, tàbí wàrà sóyà ní ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá ti jinná, ẹ má ṣe dé e pa nínú kúlà oúnjẹ, nítorí oru rẹ̀ yóò sọ òkè rẹ̀ di rírọ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sábẹ́ ìdérí, kí ẹ sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni ó béèrè ìbéèrè ìkẹyìn: "Àǹtí, mi ò ní ààrò, mi ò sì mọ oníbúrẹ́dì kankan, ṣé mo lè lo ìkòkò?" Mo ní ó lè lò ó. Kí ó da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kí ó ga tó ìka méjì, kí ó dé e lórí iná èédú fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tó gbé páànù kékeré lé orí irin nínú rẹ̀. Kí ó kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí, nítorí bí kò bá sí iná lókè, òkè rẹ̀ kò ní pọ́n. Ìkòkò kan yóò bọ́ ènìyàn márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 50. Ó ní, "Fún 60 ńkọ́?" Mo ní ìkòkò méjìlá nìyẹn, kí ó yáa lọ wá oníbúrẹ́dì kan mọ̀.