Áńpìlífáyà Tí Mo Fẹ́ràn Jù àti Èyí Tí N Kò Fẹ́ Rí

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Lónìí, mo fẹ́ sọ èyí tó wù mí àti èyí tí kò wù mí nínú àwọn áńpìlífáyà oní-tiransísítọ̀ (èròjà kékeré tó ń darí bí iná ṣe ń ṣàn), n ó sì sọ ìdí rẹ̀. N kò ní máa ṣàlàyé bí a ṣe ń so wáyà mọ́ sípíkà, nítorí mo gbà pé ẹni tó wá wo irú fídíò yìí ti mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ó yé yín: iye wáàtì tí wọ́n kọ síwájú áńpìlífáyà kì í sọ ìwà rẹ̀ fún wa. Ibi méjì ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú: ìgbà tí orin bá rọlẹ̀ gan-an, àti ìgbà tí sípíkà bá ń béèrè iná púpọ̀ lójijì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orin ti rọlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ áńpìlífáyà, tiransísítọ̀ méjì ló ń pín iṣẹ́ ṣe ní ìdí ibi tí ohùn ti ń jáde: ọ̀kan ń ti ìgbì ohùn sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀. Nígbà gbogbo tí ìgbì bá dé àárín, ní òdo, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tiransísítọ̀ tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe kì í jí títí iná tó wọ ẹnu rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bíi fóòtì (volt) 0.6.

Ẹ wo àwọn eléré ìje tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Bí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá bá jókòó, tó ń retí kí ọ̀pá kan òun lọ́wọ́ kí òun tó dìde, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ eré í sá ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀pá tó dé. Iná kékeré tí à ń jẹ́ kó máa ṣàn nínú tiransísítọ̀ méjèèjì, kódà nígbà tí orin kankan kò dún, ni sísáré díẹ̀díẹ̀ yẹn, áńpìlífáyà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní Class AB. Ní ti Class A, àwọn méjèèjì ń sáré tete láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pá kò lè já bọ́ láé, ṣùgbọ́n òógùn á bò wọ́n. Mo fẹ́ràn àfiwé yìí púpọ̀, nítorí gbogbo ìjà tó wà láàárín àwọn tó ń ṣe áńpìlífáyà wà nínú rẹ̀: ta ló yẹ kó máa sáré, báwo ló ṣe yẹ kó yára tó, ta ni yóò sì gbé ooru rẹ̀.

Bí iná ìpìlẹ̀ yìí bá kéré jù, ìgbì ohùn á ṣẹ́ ní àárín. Etí kì í fura nígbà tí orin bá ń dún kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìró rẹ̀ sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀: ibi tó yẹ kó ti rọ̀ ni yóò ti máa ha etí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn áńpìlífáyà Class A tí John Linsley Hood tẹ àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní ọdún 1969. Wáàtì 10 péré ni, tiransísítọ̀ mẹ́rin péré ló sì wà fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan irin eléyín tó ń fọ́n ooru rẹ̀ ká, ẹ ó tètè yọ ọwọ́ kúrò, yálà orin ń dún tàbí kò dún. Kódà, ìgbà tí orin kò bá dún rárá ni ó máa ń gbóná jù.

Bí ẹ bá wá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, NAD 3020 ni n ó mú. Ọdún 1978 ló jáde, Erik Edvardsen ló ṣe iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, wáàtì 20 ni wọ́n sì kọ sí i fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ogún! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sípíkà tí wọ́n kọ óòmù 8 sí lára (óòmù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) kì í dúró sójú kan ní 8. Bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó lè bọ́ sí 4 tàbí kó kéré sí i, bí óòmù bá sì di ìdajì, iná tí sípíkà ń béèrè á di ìlọ́po méjì. Edvardsen fi àyè sílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé áńpìlífáyà kékeré yìí lè tú iná tó ju ti wáàtì 20 lọ dáadáa jáde fún ìgbà kúkurú tí orin bá nílò rẹ̀. Wọ́n tún fi bọ́tìnì kan sẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ kí orí ìgbì tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí agbára bá fẹ́ tán, dípò kó gé lójijì. Irú gígé yẹn ló ń jó sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Ẹ sì rántí ìṣirò rẹ̀: láti wáàtì 20 sí 40, dẹ́síbẹ́lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) 3 péré ni ẹ jèrè.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ gbé áńpìlífáyà méjì kalẹ̀, ẹ yí bọ́tìnì ohùn àwọn méjèèjì dé ojú kan náà, ẹ sì gbà pé ẹ ti mú wọn dọ́gba. Ẹ KÒ TÍÌ MÚ WỌN DỌ́GBA! Ojú tí bọ́tìnì dé kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí áńpìlífáyà kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń sọ ohùn di ńlá tó. Etí ènìyàn kì í sì í sọ pé, "Eléyìí fi ìdajì dẹ́síbẹ́lì ju ìyẹn lọ." Ohun tí yóò sọ ni pé eléyìí mọ́ gaara, pé ó jinlẹ̀, pé ó ní ẹ̀mí. Èyí tó pariwo díẹ̀ ni yóò máa borí, ẹ ó sì máa yin àwọn èròjà inú rẹ̀ lásán.

Ẹ mú mítà. Ẹ jẹ́ kí ìró kan ṣoṣo tí kò yí padà máa dún, nǹkan bíi 200 Hz (ìgbì 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kí kíkà mítà olówó pọ́ọ́kú lè péye. Ẹ gbé mítà sí AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí wáyà sípíkà ti jáde, ẹ sì máa yí bọ́tìnì ohùn títí yóò fi ka fóòtì 2.83, èyí tó jẹ́ wáàtì 1 lórí óòmù 8. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju fóòtì 0.03 lọ, nítorí ìyẹn gan-an ni nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 0.1. Mo tún un sọ: kì í ṣe etí, kì í ṣe bọ́tìnì, MÍTÀ NI! Ẹ má sì ṣe so áńpìlífáyà méjì mọ́ sípíkà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láé. Ọ̀kan á da iná sínú èkejì, èéfín ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa bá yín pààrọ̀ wọn láìsọ èyí tó ń dún. Ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tí ẹ ti ń fi ẹnu búra lé lórí yóò pòórá níbẹ̀.

Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún ṣùgbọ́n tí kò wù mí ni Quad 405, tí iléeṣẹ́ Peter Walker gbé jáde ní 1975, wáàtì 100. Áńpìlífáyà kékeré kan tó jẹ́ Class A ló ń tọ́jú ohùn nínú rẹ̀, àwọn tiransísítọ̀ ńlá kàn ń da iná sí i ni, kékeré á sì máa tún àṣìṣe wọn ṣe, tó fi jẹ́ pé kò sí iná ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti tún yí. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Queen's Award ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1978, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ààbò tí wọ́n fi sínú rẹ̀ máa ń dènà iná nígbà tí óòmù sípíkà bá bọ́ sílẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ní láti tún ibẹ̀ ṣe nínú 405-2, ẹ̀dà tó tẹ̀lé e. Fún sípíkà tí kò ní wàhálà, ẹ rà á, n kò bá yín jà.

Èyí tí n kò fẹ́ rí sójú rárá ni àpótí tí wọ́n kọ PMPO (wáàtì gíga jù lọ tí wọ́n ní ó lè dé fún ìṣẹ́jú bíńtín) sí níwájú. Mo ti ṣí ọ̀kan rí tó ń pe ara rẹ̀ ní wáàtì 1,000: tiransfọ́mà inú rẹ̀ kò tó ìkúùkù mi, irin tó ń fọ́n ooru rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ. Mo yí i padà, mo ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa iye iná tó ń jẹ, wáàtì 60. Níbo ni 940 yòókù ti wá? Nítorí irú ìtànjẹ báyìí ni àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe fi òfin lélẹ̀ ní 1974 pé wáàtì tí wọ́n bá fi polówó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí áńpìlífáyà lè mú jáde láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, Ẹ KA Ẹ̀YÌN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ KA IWÁJÚ RẸ̀!

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè Class D lọ́wọ́ mi. Ó ń tan iná, ó ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyí tó fi tutù, tó sì ń sọ nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tó jẹ di ohùn. Ibi tó ti ń yàtọ̀ síra ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ ohùn wò láti fi tún àṣìṣe ṣe. Nínú èyí tí Bruno Putzeys ṣe, tí wọ́n ń pè ní UcD, ẹ̀yìn asẹ́ ìkẹyìn (èyí tó ń yọ títan àti pípa iná yẹn kúrò nínú ohùn) ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú sípíkà tó lè yí ohùn rẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n, iwájú asẹ́ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn tín-ín-rín á sì máa tẹ̀lé irú sípíkà tí ẹ bá so mọ́ ọn. Bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ èyí tó jẹ́, ẹ wá àwòrán ìwọ̀n tó fi óòmù 4 àti 8 sójú kan náà: bí ìlà méjèèjì bá pínyà lókè 10,000 Hz, ẹ ti rí ìdáhùn yín.