Ìwé Ìdìbò Scotland: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Níbẹ̀ àti Ohun Tí Kò Yẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kò jìnnà sí yín. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbé Glasgow àti Edinburgh ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní 2014 àti 2016, torí òfin gba ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú láàyè gẹ́gẹ́ bí ọmọ Commonwealth. Ará Poland tó ń gbé Scotland dìbò ní 2014 lórí bóyá kí Scotland gba òmìnira kúrò lára Britain. Nígbà tó di ìbò 2016 lórí bóyá kí Britain dúró nínú EU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n ní kò kàn án, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé ayé ẹ̀ lé lórí. Ìyẹn tó ìjókòó kan lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ sórí ìwé ìdìbò rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù, ìyẹn ìbò tí aráàlú fi ń pinnu ọ̀rọ̀ kan fúnra wọn, ni mo bá wá.

Èyí tó rọrùn níbẹ̀ ni ẹnu tí wọ́n fi béèrè. Ìjọba Alex Salmond, olórí ìjọba Scotland nígbà náà, kọ́kọ́ fẹ́ béèrè pé, “Ǹjẹ́ o gbà pé ó yẹ kí Scotland jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira?” Àjọ elétò ìdìbò Britain gbé ìbéèrè náà lọ dán wò lọ́dọ̀ aráàlú, wọ́n sì rí i pé “ǹjẹ́ o gbà” yẹn ń ti èèyàn síbi bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́, ìjọba Scotland sì yọ ọ́. Irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2015: ìjọba David Cameron, olórí ìjọba Britain nígbà náà, fẹ́ béèrè bóyá kí Britain dúró nínú EU, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àjọ yìí kan náà ní ìyẹn ń gbè sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ dúró, kí wọ́n kúkú kọ dídúró àti jíjáde sórí ìwé. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àmọ́ èmi ò ka ọ̀rọ̀ yìí sí bàbàrà. Ẹni tó ti pinnu pé òun fẹ́ kúrò, bí o bá bi í bó o ṣe fẹ́, yóò ní òun ń lọ. Iye ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un ni wàhálà wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìbò 2014 tó dé. Láàárín òmìnira àti wíwà bí a ṣe wà, ọ̀nà kẹta kan wà: kí agbára púpọ̀ sí i lórí owó orí àti ìnáwó bọ́ sọ́wọ́ Edinburgh láìkúrò lára Britain. Ó wu ọ̀pọ̀ aráàlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀lé àríyànjiyàn tilé wa mọ irú ẹ̀, torí bí àwọn kan ṣe ń pariwo ká pín, tí àwọn kan ní ká wà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fẹ́ àtúntò wà láàárín. Salmond kò kọ̀ ọ́ kí ọ̀nà kẹta yìí wà lórí ìwé. Cameron ló yarí. Nígbà tí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé ní Edinburgh ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2012, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Àmọ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò, tí ẹsẹ̀ àwọn alátakò òmìnira kò fi bẹ́ẹ̀ ranlẹ̀ mọ́, kí ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Britain mẹ́ta gbé jáde lójú ìwé ìròyìn Daily Record? Ìlérí agbára púpọ̀ sí i! Ohun tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìwé ìdìbò ni wọ́n wá fi ń bẹ olùdìbò. Ìdá 55.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé rárá sí òmìnira. Mélòó nínú wọn ló dìbò fún bí nǹkan ṣe wà, mélòó ló dìbò fún ìlérí yẹn? Ìwé náà kò lè sọ fún wa.

Ti EU tún wá dá kún un. Ìpolongo àwọn tó fẹ́ kí Scotland wà nínú Britain ní 2014 ni pé ẹni tó bá ń fẹ́ EU, kó má kúrò ní Britain o. José Manuel Barroso, ààrẹ ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU nígbà náà, sọ pé kò ní rọrùn rárá kí Scotland tó dá dúró wọlé, bí kì í bá ṣe pé kò ní ṣeé ṣe. Kò pé ọdún méjì, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ní Scotland ní àwọn fẹ́ dúró nínú EU, ìdá 51.9 ní gbogbo Britain sì ní ká jáde, ó parí. Àti “jáde” náà, igbá tí wọ́n dé ni. Ṣé ká jáde bíi Norway tó ṣì ń bá wọn nájà pọ̀ ni, àbí ká jáde pátápátá? Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2019, ilé aṣòfin dìbò lórí ọ̀nà mẹ́jọ, ìkankan ò borí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọ́n tún dán mẹ́rin wò. Èyí tó sún mọ́ ọn jù, àjọṣe owó ibodè pẹ̀lú EU, fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò mẹ́ta péré.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù ni ti Newfoundland, erékùṣù kan nítòsí Kánádà tó wà lábẹ́ Britain nígbà náà. Gbèsè ti jẹ́ kí erékùṣù náà pàdánù ìjọba ara-ẹni ní 1934, àwọn tí London yàn ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti yan ọ̀nà tuntun, àpérò tí aráàlú dìbò yàn kọ̀ jálẹ̀, ìbò 29 sí 16, pé dídara pọ̀ mọ́ Kánádà kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìwé. London fi í síbẹ̀ lórí kunkun. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1948, ìjọba ara-ẹni gba ìdá 44.6, Kánádà gba 41.1, àwọn tó ní kí ìjọba London máa bá a lọ jẹ́ 14.3. Bó bá jẹ́ ẹni tó ṣíwájú ló jẹ ẹ́, ìjọba ara-ẹni ti wọlé. Wọ́n yọ èyí tó kéré jù, wọ́n tún dìbò ní ọjọ́ 22 oṣù keje, Kánádà sì borí pẹ̀lú ìdá 52.3. Ohun tí àpérò ní kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ló wọlé.

Ti ẹ̀gbẹ́ ilé wa yàtọ̀ síyẹn. Ní oṣù kejì 1961, wọ́n bi àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bóyá Nàìjíríà ni wọ́n máa bá lọ tàbí Kamẹrúùnù. Dídá dúró kò sí níbẹ̀. Ìbò 233,571 lọ sọ́dọ̀ Kamẹrúùnù, 97,741 sọ́dọ̀ Nàìjíríà. Mi ò ní ìwé ìdìbò nìkan ló fa ogun tó ń jà níbẹ̀ látọdún 2017, àmọ́ àwọn tó ń jà ń tọ́ka sí i títí dòní.

Ó dáa, kí ni kí Scotland kọ bí àyè bá tún yọ? Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún olùdìbò ṣàpẹẹrẹ. Márùndínláàádọ́ta fẹ́ dúró ní Britain. Ọgbọ̀n fẹ́ òmìnira pẹ̀lú EU. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fẹ́ òmìnira láìsí EU. Mẹ́wàá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí ní dípò kí Brussels, ìyẹn EU, máa darí àwọn, àwọn á kúkú wà lábẹ́ London. Bí a bá béèrè òmìnira lásán, 55 ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba á wá forí lé EU, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi rí i pé 55 ló fẹ́ràn dídúró ní Britain ju ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Scotland. Bí mo bá yí iye náà díẹ̀, òmìnira ló máa jàǹfààní ẹ̀.

Torí náà, mẹ́ta ni kó wà lórí ìwé: kí a wà ní Britain, kí a dá dúró ká sì béèrè láti wọ EU, kí a dá dúró láìwọ EU. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní “béèrè láti wọ”, torí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú EU ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá kọ “wọ” lásán ń ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀nà kẹrin, kí Scotland wà nínú Britain tó wà nínú EU, ó lè wu èèyàn, àmọ́ Scotland nìkan kò lè mú un ṣẹ, kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Kí olùdìbò kọ 1, 2, 3 sí wọn bó ṣe fẹ́ràn wọn tó. Kò ní ṣàjèjì sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀ látọdún 2007. Kí wọ́n wá fi wọ́n figagbága ní méjì méjì, èyí tó bá borí méjèèjì yòókù ló wọlé. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò sí èyí tó borí méjèèjì, òfin ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ó ṣe kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ará Switzerland ṣe máa ń fi ìbéèrè kẹta sí i, èyí tó ń bi olùdìbò pé èwo ló fẹ́ bí méjèèjì bá wọlé, nígbà tí àbá méjì tó takora bá jọ wà lórí ìwé.

Arákùnrin kan níbí bi mí pé kí la fẹ́ fi èyí ṣe, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain ti sọ ní oṣù kọkànlá 2022 pé Edinburgh kò lè ṣètò ìbò náà láìgbàṣẹ London. Ìbéèrè tó dáa ni, sà. Èsì mi ni pé òfin bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìdìbò yẹ kó jáde nísinsìnyí tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa gbè. Ní 2012, àwọn tó jókòó kọ ọ́ ti ṣírò tiwọn kí wọ́n tó wọlé.