Ta Ló Rú Ẹbọ fún Ta?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: lórí àgbélébùú, ta ló rú ẹbọ fún ta? Èsì tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé Ọlọ́run ń bínú, Jésù wá kú kí inú Bàbá lè rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe gbọ́ ọ láti kékeré. Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Kí ni Jòhánù 3:16 wí? Torí pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé ló ṣe fi Ọmọ Rẹ̀ sílẹ̀. Ìfẹ́ ló ṣáájú, òun ló bí àgbélébùú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló wá ohun ẹbọ, Òun náà ló sì pèsè rẹ̀. Lórí òkè Moria, níbi tí Ábúráhámù ti fẹ́ fi Isaaki ọmọ rẹ̀ rúbọ, àgbò dé, Isaaki yè. Ní Golgota, níbi tí wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú, àgbò kankan kò dé.

Àwọn kan á ní, bàbá wo ló ń fa ọmọ rẹ̀ lé apànìyàn lọ́wọ́? Ẹ má fi ojú aláìgbàgbọ́ wo ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ni. Àmọ́ ẹ wo Jòhánù 10:18, níbi tí Jésù ti sọ pé kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí Òun lọ́wọ́ Òun, Òun fúnra Òun ló fi í lélẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà, nínú 2 Kọ́ríńtì 5:19, sọ pé inú Kristi ni Ọlọ́run wà nígbà tó ń bá aráyé làjà. Bàbá kò dúró lókèèrè kó máa wòran. Kì í sì í ṣe pé ó rọrùn: nínú ọgbà Getsemane, kí wọ́n tó mú un, Jésù dojú bolẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ kí ife ìyà náà ré Òun kọjá.

Àwọn ará Róòmù kò tiẹ̀ rí nǹkan kan tó lẹ́wà níbẹ̀. Ikú ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni ikú àgbélébùú lójú wọn. Ní 1857, wọ́n rí àwòrán kan tí wọ́n ha sára ògiri lórí òkè Palatine ní Róòmù: ọkùnrin kan na ọwọ́ sókè síwájú ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì wà lọ́rùn ẹni náà. Wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Alexamenos ń sin ọlọ́run. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi ọkùnrin náà ṣe.

Ta wá ni Jésù kú fún? Ẹ jẹ́ ká mú Baraba, ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ dípò Jésù. Máàkù 15:7 ní ó wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ti pààyàn. Kò bẹ Jésù, kò ronú pìwà dà, a ò tiẹ̀ gbọ́ pé ó dúpẹ́. Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ohun tí Róòmù 5:8 ń wí gan-an nìyẹn: nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa, kì í ṣe ìgbà tí a tún ìwà ṣe tán.

Nínú 1 Jòhánù 3:16, àpọ́sítélì náà ní ó yẹ kí àwa náà fi ẹ̀mí wa lélẹ̀ fún àwọn ará. Mo fẹ́ràn ibi tó gbà lẹ́yìn ìyẹn. Kò mẹ́nu ba idà tàbí iná. Ẹsẹ 17 bọ́ sórí ẹni tó ní ohun ìní ayé yìí, tó rí arákùnrin rẹ̀ tí kò ní, tó sì sé ojú àánú mọ́ ọn. Ó ní báwo ni ìfẹ́ Ọlọ́run ṣe ń gbé inú irú ẹni bẹ́ẹ̀?