Dìrẹ́gúléṣọ̀n: ìjánu tí ìjọba ń tú àti èyí tí kò gbọdọ̀ tú

Tí wọ́n bá ti dárúkọ dìrẹ́gúléṣọ̀n lórí rédíò, ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé epo tún fẹ́ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wa lẹ́bi. Àmọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an ni pé ìjọba tú òfin tó fi de òwò kan: ẹni tó lè ṣe é, àti iye tó gbọ́dọ̀ tà á. Ó yàtọ̀ sí kí ìjọba ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀. NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n ṣí ọjà tẹlifóònù sílẹ̀ fún aládàáni.

Ọjà tẹlifóònù yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa. Òfin 75 ti ọdún 1992 ló dá NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà tẹlifóònù, sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2001, wọ́n ta ìwé-àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Econet àti MTN sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka ìpè nígbà náà, nǹkan bí 50 náírà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 san 50. Ẹni tó lo 61 san 100. Nígbà tí Glo wọlé ní oṣù Kẹjọ 2003, ìṣẹ́jú-àáyá lòun fi ń ka tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdíje ló ṣe ìyẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní ilé-iṣẹ́ ńlá kọ̀ láti gba ìpè tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tuntun, ta ni ì bá ra síìmù ẹni tuntun? NCC ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n so ẹ̀rọ wọn pọ̀, òun náà ló ń dá iye tí wọn yóò máa san fún ara wọn lórí ìpè. Ìjánu tí wọn kò tú nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ọjà náà dúró.

Ti epo bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkéde ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu fi fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kúrò ní nǹkan bí 185 náírà, ó di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti lé ní 600 l'Ábùújá. Wọ́n tú iye owó sílẹ̀, àmọ́ àwọn olùtà kò pọ̀ sí i. Àwọn oníṣòwò tó gbìyànjú láti kó epo wọlé kò rí dọ́là rà ní iye tí wọn yóò fi jèrè, ló bá ku NNPC nìkan, àfi ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án 2024.

Bí epo bá sì ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n ló yẹ ká tún máa ṣọ́. Ẹni tó ra lítà 10, ní 600 náírà lítà kan, tí mítà páǹpù wá fi lítà 1 rẹ́ ẹ jẹ, 600 náírà ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Àfi kí òṣìṣẹ́ NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ títa epo, gbé agolo òṣùwọ̀n dé ìdí páǹpù, kó bu epo sí i, kó sì wo ibi tó dé.