Liselotte: ìyàwó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ jó ilé bàbá rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àlejò wa sọ nìyí. Mo ti gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ kú ìjókòó o. Orí lẹ́tà ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Láyé Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé, tí èèyàn ààfin bá kọ lẹ́tà sí ilẹ̀ òkèèrè, àwọn òṣìṣẹ́ ọba á tú u, wọ́n á kà á, wọ́n á da ibi tó bá ta wọ́n létí kọ, wọ́n á sì fi ìda lẹ̀ ẹ́ padà. Gbogbo ará ààfin ló mọ̀, olúkúlùkù sì ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí òun náà mọ̀, tí kò sì ṣọ́ nǹkan kan. Nígbà mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ bú àwọn tó ń tú lẹ́tà náà sínú lẹ́tà ọ̀hún, kí wọ́n lè ka èébú tiwọn. Elisabeth Charlotte lorúkọ rẹ̀, Liselotte ni wọ́n ń pè é nílé. Àbúrò ọba ló fẹ́ ẹ.

Ààfin Heidelberg ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1652. Karl Ludwig, bàbá rẹ̀, ló ń ṣàkóso Palatinate, ilẹ̀ Jámánì kan létí odò Rhine. Ogun ọgbọ̀n ọdún tó parí ní 1648 ti sọ ilẹ̀ náà di ahoro, Karl Ludwig sì ń tún un kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé tirẹ̀ gan-an kò tòrò. Ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó mú obìnrin mìíràn, Louise von Degenfeld, ìyẹn sì bí ọmọ rẹpẹtẹ fún un. Ọmọ ọdún méje ni Liselotte nígbà tí wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ Sophie, àbúrò bàbá rẹ̀, ní Hannover. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Sophie yìí ló wá di ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí jù.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé. Ìyàwó Philippe, àbúrò Ọba Louis, ti kú ní 1670. Karl Ludwig ṣírò rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè gbà ṣírò rẹ̀: Faransé múlé tì mí, agbára rẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n àna kì í gbógun ti àna. (Níbẹ̀, ìdílé ìyàwó ló ń kó owó fún ọkọ, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ Karl Ludwig. Ọmọ nìkan ló rí fi sílẹ̀.) Ẹ̀sìn Calvin, ẹ̀ka kan nínú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ni wọ́n fi tọ́ ọmọ náà. Ní Metz, lóṣù kọkànlá ọdún 1671, wọ́n ní kó sọ ọ́ sílẹ̀, kó di Kátólíìkì. Ọkọ kò sí níbẹ̀, ọkùnrin mìíràn ló dúró fún un níwájú pẹpẹ. Liselotte fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé láti Strasbourg dé Châlons, ẹkún lòun ń sun. Ìyàwó tiwa náà máa ń sun ẹkún, ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́ ní orin, ó ní ìwúre, àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyàwó sì ń gbè é. Ta ló fẹ́ gbe ti Liselotte nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin?

Ọkọ tó bá níbẹ̀ fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́ ju obìnrin lọ. Àwọn ọkùnrin ló wù ú, Chevalier de Lorraine sì ni ààyò rẹ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ burúkú òun ẹ̀rín: Liselotte kọ̀wé pé lóru ọjọ́ kan, òun gbọ́ tí nǹkan ń dún wọnranwọnran lábẹ́ aṣọ ìbora. Òun gbé àtùpà, òun di ọwọ́ ọkọ òun mú. Rósárì àti àwòrán Màríà Wúńdíá ni Philippe ń fi kan ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ, kí agbára lè dé. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ kẹta ní 1676, ọkọ ní kí kálukú máa sùn lọ́tọ̀. Inú ìyàwó dùn sí i.

Lójú ọba, ó kọ́kọ́ rí ojúrere. Ó mọ ẹṣin gùn, ó ń bá Louis ṣọdẹ, ó máa ń sọ òótọ́, ó sì ń pa ọba lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣi ìṣirò ṣe. Ọba lè fẹ́ràn ìyàwó àbúrò rẹ̀ dáadáa, kó sì tún fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìkan ò dí ìkejì lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, ní 1674, Turenne, ọ̀gágun Louis, kó ọmọ ogun Faransé wọ Palatinate, ó jó oko, ó jó abúlé. Inú bí Karl Ludwig débi tó fi kọ̀wé sí i pé kó jáde wá, kí àwọn méjèèjì fi idà yanjú rẹ̀. Turenne ò jáde.

Èyí tó burú jù ń bọ̀ lẹ́yìn. Karl Ludwig kú ní 1680. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó jọba kú ní 1685 láìbímọ. Ni Louis bá ní ìyàwó àbúrò òun ní ogún níbẹ̀. Liselotte ò rán an níṣẹ́. Nígbà tí àrẹ̀mọ ọba ń múra àtilọ sójú ogun ní 1688, obìnrin náà sọ fún un lójú pé ìbànújẹ́ lòun máa rí níbẹ̀, kì í ṣe ayọ̀, nítorí orúkọ òun ni wọ́n fẹ́ fi ba ilẹ̀ òun jẹ́. Wọ́n lọ. Ní 1689, wọ́n wó Mannheim, ìlú tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún tẹ̀ dó. Wọ́n dáná sun Heidelberg, Speyer àti Worms. Ó kọ̀wé sí Sophie pé bí òun bá ti fẹ́ sùn, òun á rí Heidelberg àti Mannheim bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun á ta jí, òun á sì sunkún títí. Ọba kò fẹ́ rí ẹkún yẹn.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni o. Ìgbéraga ìdílé wà lára rẹ̀ gan-an. Ní 1692, ọba fẹ́ fi Françoise Marie, ọmọ tí àlè bí fún un, fún Philippe, ọmọ Liselotte. Ọmọkùnrin náà gbà. Lọ́jọ́ kejì ó wá fẹnu ko ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ìyá sì fún un ní ìgbájú níwájú gbogbo ààfin. Saint-Simon, tó kọ ìtàn ààfin náà sílẹ̀, ní wọ́n gbọ́ ọ láti ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan. Liselotte fẹ́ràn òwe Jámánì kan tó máa ń lò fún irú ọmọ àlè bẹ́ẹ̀: ìgbẹ́ eku a máa fẹ́ bá ata dà pọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Louise von Degenfeld, tí ìyá wọn kò jókòó sórí ìtẹ́, ló fẹ́ràn bí ojú. Luise, ọ̀kan nínú wọn, ló ń kọ lẹ́tà sí títí tó fi kú. Mi ò rí ibi tí ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀tá rẹ̀ pátápátá ni Madame de Maintenon, opó tó ti ń tọ́ àwọn ọmọ àlè ọba, tí ọba sì wá fẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Kò sí èébú tí Liselotte kò kọ nípa rẹ̀. Nígbà tí Philippe ọkọ rẹ̀ kú lóṣù kẹfà ọdún 1701, ẹ̀rù bà á pé wọ́n máa lé òun lọ sí ilé àwọn sísítà, nítorí àdéhùn ìgbéyàwó rẹ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń pariwo pé òun ò lọ o. Maintenon wá kí i, ó fa ìwé kan yọ lápò: lẹ́tà Liselotte sí Sophie, èébú inú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Obìnrin tó ti ń bú àwọn olùtúlẹ́tà láti ọjọ́ yìí wá! Ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó dúró sí Versailles, ààfin ọba. Kò pẹ́ tó tún fi bẹ̀rẹ̀ èébú.

Ní 1715 Louis kú, ọmọ tó gbá létí sì di adelé ọba. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun tó ń dùn mọ́ ọn kò yí padà: sọ́séèjì, ọbẹ̀ bíà, kábéèjì tí wọ́n fi iyọ̀ sin títí tó fi kan. Tíì, kọfí àti ṣokoléètì tí gbogbo ààfin ń du, kò fẹ́ràn ọ̀kankan. Ó ń ka Bíbélì Jámánì nínú yàrá rẹ̀, Kátólíìkì ni bí, kì í ṣe Kátólíìkì ni bí.

Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ó tiẹ̀ padà lọ kí wọn nílé rí?"

Rárá, mà. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló lò ní Faransé, ibẹ̀ ló kú sí, ní Saint-Cloud, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1722. Ká tiẹ̀ ní ó lọ, ilé wo ni ì bá wọ̀? Ní 1693, àwọn ọmọ ogun Faransé padà sí Heidelberg, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ààfin tí wọ́n bí i sí. Àwókù rẹ̀ ṣì wà lórí òkè níbẹ̀ dòní. Àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó wọlé, wọ́n ń ya fọ́tò.